Irin Ìdìmú Orí Alágídí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Alágídí tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́rìnlá la ní lórí òkè yìí, gbogbo wọn ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi ẹ̀rọ keje, Alágídí mi. Ó ń gbọ̀n. Iná tó ń mú wá ò tó ti àwọn yòókù. Ọ̀gá ní apá rẹ̀ tó ń yí nínú afẹ́fẹ́ ló bàjẹ́, ó ní bí kò bá yí padà títí ìparí oṣù, òun á ní kí wọ́n tú u palẹ̀.

Ọ̀gá ń fẹ̀yìn tì lóṣù keje. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé èmi ló kàn. Mi ò lè sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ìwé yìí ò lẹ́nu: mo fẹ́ ipò yẹn gan-an. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gun àkàbà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Èmi àti Ẹlẹ́rìn-ín gun Alágídí. (Alábàáṣiṣẹ́ mi ni. Ibi tó léwu ló ti máa ń rẹ́rìn-ín jù.) A yẹ apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò — kò sí ibi tó sán. Bóòtù mẹ́fà ti tú díẹ̀. A fún wọn pa dà. Orúnkún ń dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ó ṣì ń gbọ̀n.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo ka ìwé àjọkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ilé iṣẹ́ márùn-ún tó ń lo irú ẹ̀rọ wa fẹnu kò pé kí kálukú máa kọ ìṣòro rẹ̀ síbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí àwọn yòókù lè fi kọ́gbọ́n. Àbá tó dáa. Àmọ́ kí là ń kọ? “Ẹ̀rọ ṣàdéédé dúró.” “Bóòtù tú.” Nínú ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó ṣe àṣìṣe rí. Bóòtù ló ń jí láàárọ̀ tó ń tú ara rẹ̀.

Mo kọ ti Alágídí. Mo fi iye iná tó mú wá fún oṣù mẹ́ta sí i, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe. Bí Ọ̀gá bá rí i, á bínú. Ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde, ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá mi wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi. Ó ní mo rù. Ó ní kí n sọ fún ẹ̀rọ náà pé èmi ni àbígbẹ̀yìn òun, kó rọra.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Bàbá Onífìlà pè mí. Òun ni olórí àwọn aṣàtúnṣe ní ilé iṣẹ́ òdìkejì odò. Òjò ni o, oòrùn ni o, fìlà kan náà ló ń bẹ lórí rẹ̀. Ó ti ka ohun tí mo kọ. Ó ní ẹ̀rọ mi ò ṣàìsàn, ó kàn ń kọ ẹ̀gbẹ́ sí afẹ́fẹ́ dípò kó dojú kọ ọ́ ni. Ó bi mí pé ta ló pààrọ̀ atọ́ka, irin kékeré orí ẹ̀rọ tó máa ń sọ fún un pé ibí ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Mo ní èmi ni, lóṣù kejì. Ó ní kí ni mo fi wọ̀n ọ́n pé ó tọ́. Mo ní irin ìdìmú ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni, èyí tá a máa ń dì mú ká má bàa ṣubú, ṣebí ó tọ́ gbọọrọ.

Ó mí kanlẹ̀. “Irin yẹn ò tọ́, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn, ó yẹ̀ díẹ̀. Èmi náà ṣe é rí, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.”

Mo ní kí ló dé tí kò kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní ojú ló ti òun, àgbà bíi tòun.

Bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn á fi kọ́gbọ́n. Ará iwájú tèmi jìn sí kòtò, ó jáde, ó sì fi ewé bò ó. Inú ń bí mi sí i títí mo fi jẹun alẹ́ tán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. A ò lè gùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

A gùn ún. Mo ta okùn láti àárín ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ dé àárín iwájú níbi tí àwọn apá ti yọ, mo fi wọn atọ́ka. Ó yẹ̀ lóòótọ́. Kò tó ìka méjì. Ìka méjì péré ló ń da ẹ̀rọ tó ga ju ilé alájà ogún lọ láàmú. Mo tú u, mo yí i, mo fún un. Ogún ìṣẹ́jú.

Ẹlẹ́rìn-ín ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mọ̀, ká sọ pé bóòtù ló tú. Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, Alágídí yíjú sí afẹ́fẹ́ bí ọmọ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Kò gbọ̀n mọ́. Mo sunkún díẹ̀ lábẹ́ akoto mi.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọ̀gá yìn mí níwájú gbogbo èèyàn. Mo gba ìyìn náà bí ẹni gba ẹrù ẹlẹ́rù.

Ohun tí mo ti ń sá fún, tí mi ò tíì kọ síbí pàápàá: lọ́dún tó kọjá, wọ́n rán mi lọ sí ilé iṣẹ́ etí òkun láti kọ́ àwọn mẹ́rin bí a ṣe ń pààrọ̀ atọ́ka. Irin ìdìmú ni mo fi kọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n sì kọ ọ́.

Bí mo bá sọ ọ́, ipò lọ. Bí mi ò bá sọ ọ́, èmi náà ti di Bàbá Onífìlà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo sọ fún ìyá mi. Ó bi mí bóyá àwọn ará etí òkun yẹn máa ń gun ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ni mo wá ń bi òun sí. Ó ní ọbẹ̀ mi ò níyọ̀.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo kọ ọ́ sínú ìwé àjọkọ. “Èmi ni mo ṣe é. Irin ìdìmú ni mo fi wọ̀n ọ́n, kò sì tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ àwọn ará etí òkun. Ẹ jọ̀ọ́, okùn ni kí ẹ lò.” Mo ya bí a ṣe ń ta á. Mo fi orúkọ mi sí i.

Mo lọ bá Ọ̀gá kí ó tó kà á. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n máa lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀gá ò bá mi sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ti tán.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Àárọ̀ ni obìnrin kan pè láti etí òkun, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí mo kọ́. Wọ́n ti gun gbogbo ẹ̀rọ wọn. Márùn-ún ló yẹ̀. Lórí ọ̀kan, bóòtù ìdí apá ti tú débi tó fi ìka lásán yí i. Ó ní ká ní ó pẹ́ sí i ni, apá yẹn ì bá já, àwọn sì máa ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní, “Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi.”

Mo ṣí ìwé àjọkọ. Bàbá Onífìlà ti kọ tirẹ̀ sábẹ́ tèmi: èmi náà ṣe é, mo sì dákẹ́ fọ́dún mẹ́ta. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e, kálukú pẹ̀lú àṣìṣe tirẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn, Ọ̀gá ló kọ ọ́:

“Ọdún kẹrin tí mo débí, mo rọ epo tí kò yẹ sínú ẹ̀rọ kejì, mo wá ní ooru ló bà á jẹ́. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń gba ipò mi lóṣù tó ń bọ̀ ló kọ́ mi pé a lè kọ irú èyí sílẹ̀.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá dé akoto mi. Ẹ̀rọ kejìlá ti ń dún gbì-gbì láti àárọ̀.