Alárenà fún Ìwé Oyíndà

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹsàn-án, 2024

Oyíndà mi. Aláròyé. Mo ka ìwé rẹ tán lónìí. Àdúràgbèmí ọ̀rẹ́ rẹ ló bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde láti inú kọ̀ǹpútà rẹ. Láti ìgbà tó o ti lọ, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ó sì wá dà bíi pé mi ò lè gbé e sílẹ̀ mọ́ — títí dé ibi tí àwọn obìnrin afọ́kùúta Wásinmi ti jókòó lé orí òkúta tí wọ́n kọ̀ láti fọ́. Oníbàárà kan wá gba aṣọ rẹ̀, mo ní kó padà wá lọ́la. Ó ní, “Télọ̀, ìwé lẹ̀ ń kà, ẹ ò rán ṣòkòtò mi.” Òótọ́ ló sọ.

Mi ò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà nínú ilé mi.

Ọjọ́bọ̀, 5

Àdúràgbèmí wá láti Òṣíẹ̀lẹ̀, níbi tó ti ń ṣe olùkọ́. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ di ìwé náà sínú aṣọ tó mọ́, kí n gbé e lọ sí Èkó fúnra mi, kí n sì rán bùbá kan dání fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí. “Dádì, wọ́n á rò pé aṣọ lẹ wá tà.” Ó ní ẹnì kan wà láàárín òǹkọ̀wé àti àwọn tó ń tẹ ìwé. Òun ló ń mú ìwé lọ bá wọn, òun ló ń bá wọn dúnàá-dúrà, ìgbà tí ìwé bá sì tà ni òun náà máa ń gba tirẹ̀. Mo ní, “Alárenà nìyẹn.” Ó ní aṣojú òǹkọ̀wé ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kí n máa pè é bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ní kí n sanwó kí òun tó ka ìwé, kí n sá fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Mo kọ lẹ́tà sí alárenà. Ojú ìwé mẹ́ta. Mo kí i kú iṣẹ́, mo kí àwọn ará ilé rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó má bínú pé mò ń yọ ọ́ lẹ́nu, mo ní ìwé kékeré kan tí kò tó nǹkan ni. Àdúràgbèmí kà á tán. “Dádì, ìwé Oyíndà dà nínú gbogbo èyí?”

Lóòótọ́, kò sí níbẹ̀.

Ó ní ojú ìwé kan péré. Kí n kọ orúkọ ẹni náà bó ṣe ń jẹ́ ẹ, kì í ṣe ‘Ọ̀gá mi’. Kí n sọ ohun tí ìtàn náà dá lé, àti ìdí tó fi jẹ́ òun la mú un wá bá. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí n fi tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìtàn náà ní ṣókí, títí kan bó ṣe parí — “Ẹ má fi ìparí pamọ́ fún wọn, wọn ò wá gbọ́ àlọ́.” Ó sì ní kí n pa ‘kò tó nǹkan’ rẹ́. Mo ní wọ́n kọ́ wa pé a kì í yin ọmọ ẹni lójú àlejò. Ó ní, “Ta ló wá máa yìn ín, sà? Àlejò?”

Mo kọ ọ́ pé ìwé náà dára. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n kò sì fi ‘bóyá’ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Ó ku ìpínrọ̀ kan: ta ló kọ ìwé náà. Àdúràgbèmí fi í sílẹ̀ fún mi, ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn. Mo kọ ọ́ báyìí: Ọmọ Kemta ní Abẹ́òkúta ni Oyíndà Ọládipọ̀. Ó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Orí tábìlì tí bàbá rẹ̀ fi ń gé aṣọ ló ti ń kọ̀wé. Ó fẹ́ràn àríyànjiyàn.

Mo kà á. Bíi pé o wà nínú yàrá. Mo mọ ohun tí mo ṣe.

Àwọn ẹbí kò jẹ́ kí èmi àti ìyá rẹ mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ọ sí. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, òbí kì í mọ̀ ọ́n. Láti ọdún tó kọjá, kò sí ẹni tó tíì pe ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé wa. Ṣé èmi ni màá wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Èkó?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

A fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí alárenà mẹ́ta láti orí fóònù Àdúràgbèmí. Ó ní kí n má pè wọ́n rárá. Títí di ìgbà wo? “Títí wọ́n á fi dáhùn, sà.”

Ọjọ́rú, 25

Ẹnì kan kọ̀. Ìwé ọmọdé nìkan ló ń gbà. Àdúràgbèmí ní ẹ̀bi òun ni, ó yẹ kí òun ti wò ó dáadáa. Mo ní kò burú. Ó burú. Mo gé apá aṣọ Alájì kan gùn ju èkejì lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Ẹnì kejì, Ìyáàfin Ọyatọ́lá ní Èkó, ní ká fi gbogbo ìwé náà ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀!

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹwàá

Ìyáàfin Ọyatọ́lá pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ti ka ìwé náà, òun sì tún un kà. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti rí ẹni tó mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí àgbàlagbà obìnrin bínú nínú ìwé láìsọ ọ́ di aṣiwèrè. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ.” Mo yí ohùn fóònù sókè kí Ọláògún onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi lè gbọ́. Ọláògún ní, “Ó tán. Ẹnu ò ní ká télọ̀ yìí mọ́.”

Ìyáàfin náà wá ní kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo ni òun máa ń gbà, òǹkọ̀wé ni òun ń gbà, ẹni tó máa kọ òmíràn. Kí ni Oyíndà ń kọ lọ́wọ́? Kí n fún un ní fóònù.

Ọláògún wo ilẹ̀.

Mo ní kò sí nítòsí. Ó ní òun á pè lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Àìkú, 6

Ìyá rẹ ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo sọ fún un. Kò gbójú sókè. “Bàbá Oyíndà, ẹ jẹ́ kí ìwé yẹn wà nílé.” Mo ní kò kọ ọ́ fún inú ilé. Ó ní, “Ṣé ẹ lè la ẹnu yín kí ẹ sọ ọ́?” Ó ní bí mo bá sọ ọ́, obìnrin yẹn á dá ìwé náà padà, ọ̀rọ̀ á sì ti jáde lẹ́nu mi lásán.

Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó gbé ẹ̀wà kaná tán, ó jókòó tì mí, ó ní kí n ka díẹ̀ nínú ìwé náà fún òun. Mo ka ibi tí Ìyá Wásinmi ti ń bú agbaṣẹ́ṣe. Ó rẹ́rìn-ín — ìyá rẹ, Oyíndà, ó rẹ́rìn-ín tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní, “Ọmọ yìí mà gbọ́n o.” Ó dìde lọ wo ẹ̀wà lórí iná. Ó wá ní, “Ẹ sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má sunkún fún àlejò lórí fóònù.”

Ọjọ́ Ajé, 7

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó pè. Mo ní, “Mà, Oyíndà kú. Ọdún tó kọjá ló kú. Kò sí ìwé mìíràn, èyí nìkan ló fi sílẹ̀. Èmi ni mo kọ ìpínrọ̀ yẹn bí ẹni pé ó wà láyé.”

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, sà.” Ó ní kí n jẹ́ kí òun rò ó.

Mi ò sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Kò pè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Ó pè. Ó ní òun ò gba irú rẹ̀ rí. Àwọn tó ń tẹ ìwé máa ń fẹ́ ẹni tó máa jáde wá bá àwọn òǹkàwé sọ̀rọ̀, nítorí náà kí n má retí pé yóò yá. Ó ní ṣùgbọ́n òun tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti wá ìdí tí òun fi máa dá a padà, òun ò rí i. Òun á mú un lọ bá wọn. Bí wọ́n bá wá ẹni tó máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ, ṣé màá lè wá? Mo ní kó sọ ọjọ́ nìkan.

Àdúràgbèmí tẹ ìwé àdéhùn tí ìyáàfin náà fi ránṣẹ́ jáde. Ó ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ohun tí a ò kà, nítorí náà a kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó ń túmọ̀ èyí tó le. Ìyá rẹ jókòó tì wá. Mo kọ orúkọ mi síbi tí wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n béèrè ohun tí mo jẹ́ sí òǹkọ̀wé. Mo gbé bírò dúró. Ìyá rẹ ní, “Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí wọ́n rí i.”

Mo kọ ọ́: BÀBÁ RẸ̀.