Ọkọ Mi Ní Òun Ò Fi Bẹ́ẹ̀ Mọṣẹ́

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Iwájú Ilé-Iṣẹ́ Onípákó,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì.

Eyínmẹ́nugún mi, ọ̀rẹ́ tó di àna,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn? Ẹ̀rọ ìránṣọ mi tí mo fi sọ́dọ̀ rẹ ńkọ́? Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rán àpò. Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ni mo fẹ́ rò, ẹ̀yin aráalé ọkọ mi ni mo sì pè lẹ́jọ́, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ yìí ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Ọjọ́ tá a dé ìlú àjèjì yìí, òtútù ń bù wá jẹ bí ajá. Obìnrin onílé, èèyàn jẹ́jẹ́ kan báyìí, gbé kúbùsù tó nípọn wá sẹ́nu ọ̀nà, ó bi wá bóyá a máa lò ó. Mo ti na ọwọ́ tán, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ní, "Ẹ má ṣèyọnu mà, èyí tó wà ńlẹ̀ ti tó wa." O mọ bá a ṣe ń ṣe é nílé: wọ́n á fi lọ̀ ọ́, wàá kọ̀, wọ́n á rọ̀ ọ́, wàá tún kọ̀, ìgbà kẹta lo tó máa gbà á. Ó ń dúró kí obìnrin yẹn rọ òun. Obìnrin yẹn ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó gbé kúbùsù ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. La bá fi kóòtù sùn, tòun ti bàtà. Mo bi í bóyá ìwà ọmọlúàbí ti ń mú ara ẹ̀ móoru. Eyín ẹ̀ tó ń gbá ara wọn ló bá a dáhùn.

Ìyẹn ṣì kéré. Onílé ti sọ fún wa pé tó bá fi máa di Fúráìdè tá ò bá rí ìwé tó fi hàn pé a níṣẹ́ lọ́wọ́, ká wá ibòmíì gbà lọ. Ní Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n rẹ lọ sí ilé-iṣẹ́ onípákó tó wà níwájú ilé, wọ́n ń wá ẹni tó mọ ilẹ̀kùn kàn. Ọ̀gá ibẹ̀ bi í pé ṣé ó mọṣẹ́ dáadáa. Káfíńtà tó ti fi ọdún méjìlélógún kan ilẹ̀kùn! Tó jẹ́ tí ìjì bá ń jà, ilé tó kan ilẹ̀kùn sí làwọn èèyàn ń sá lọ! Ó wolẹ̀, ó ní, "À ń gbìyànjú díẹ̀díẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wa." Ọ̀gá gbà á gbọ́. Ó gbé ìgbálẹ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi gbá èérún pákó, tó ń ru igi fáwọn tí ò tó ọmọọṣẹ́ ẹ̀ nílé. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó wá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n ńkọ́?

Ní Tọ́sìdè, mo wọ bàtà, mo mú fóònù mi, mo tẹ̀ lé e. Ó dì mí láṣọ mú: "Ṣé o fẹ́ lọ dójú tì mí ni?"

Mo ní, "Ojú wo ló kù tó fẹ́ tì ọ́? Ìwọ tó o dìgbálẹ̀ mú!"

Mo fi ìwọ̀nba èdè wọn tí mo gbọ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, mo fi àwòrán àwọn ilẹ̀kùn hàn án nínú fóònù. Ó wò ó títí, ó ní ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ fúnra ẹ̀ ló ní òun ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Sà, níbi tá a ti wá, ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n lẹ máa sá fún." Ó wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé. Ó wá nawọ́ sí ilẹ̀kùn kan táwọn mẹ́ta ti ń bá jà látàná, tó kọ̀ tí ò pa dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó fọwọ́ pa etí ilẹ̀kùn yẹn, ó tú u, ó fá ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ó so ó padà. Ọ̀gá fi ìka kan ṣoṣo tì í. Ó wọlé sáyè ẹ̀ wẹ́rẹ́.

Àwọn mẹ́ta yẹn sún mọ́ ọn, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn náà. Ọ̀gá ní, "Ṣé o mọṣẹ́ àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

Ó lanu: "Ẹ ṣé sà, Ọlọ́run ló..." Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́. Òógùn bò ó nínú òtútù. Ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè: "Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Wọ́n kọ ìwé fún un lójú ẹsẹ̀. Onílé ti rí i, a ò kúrò mọ́. Ṣé o rò pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Látàná ló ti ń wò mí bí ẹni tó sọ òun di agbéraga. Ó ní Màmá ò gbọ́dọ̀ gbọ́ láéláé pé òun fẹnu ara òun yin ara òun lójú ọ̀gá.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí àwọn ọmọ, kí gbogbo àdúgbò. Ti Màmá yàtọ̀. Gbé àga sún mọ́ wọn, ka ìwé yìí sí wọn létí. Tó o bá dé ibi tó ti ní "Mo mọ̀ ọ́n", pariwo ẹ̀.

Èmi ni ìyàwó yín tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín fẹ́,
Aránṣọ.