Aristide, Ọwọ́ Tútù Rẹ Ti Gbàwé Ẹ̀rí

Aristide mi! Ọdún mẹ́rin pé lónìí tí ẹ̀jẹ̀ ríru já ọ gbà mọ́ mi lọ́wọ́, tí gbogbo Pobè ń sọ pé aránṣọ ti lọ, ìsọ̀ rẹ̀ náà ti kú nìyẹn. Ìsọ̀ kò kú o! Ẹ̀rọ rẹ méjèèjì ń ké láràárọ̀. Èmi fúnra mi ni mò ń gé aṣọ ìyàwó báyìí. Ilé ọ̀nà Towé tí o fi sílẹ̀ láìlórùlé ti gba páànù, mo sì kùn ún ní àwọ̀ ewé tí o fẹ́.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé? Ibi ìgbéyàwó kan ní Ita-Djèbou ni. O bọ̀ mí lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ rin gbindin. Èmi tí mo ti ka ìwé ìfẹ́ títí ojú fi ń ro mí, mo ní há, ìfẹ́ mi ti mú ọkùnrin yìí, ó ń làágùn! Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi yangàn. Àfìgbà tí o bọ bàbá mi náà lọ́wọ́, tí bàbá ń nu tirẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Parfait ọ̀rẹ́ rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ewúrẹ́ gan-an, bí o bá fọwọ́ kàn án, á sá wọ abẹ́ òrùlé, á rò pé òjò ti dé. Ojú tì mí. O ní òógùn yìí, ti gbogbo ayé ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí, Prudence, tìrẹ nìkan ni. Ìwé wo ló sọ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí?

Aránṣọ olómi lọ́wọ́! Wọ́n ní o máa ba aṣọ ìyàwó jẹ́. O kò ba ẹyọ kan jẹ́. Aṣọ ìnuwọ́ funfun tí o máa ń ká sábẹ́ ọwọ́ kí òógùn má kan sátínì, ó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

Aurore ọmọ rẹ gba ọwọ́ olómi yìí lára rẹ. Ọdún tó ń múra ìdánwò CEP tí wọ́n fi ń parí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. Yíǹkì ń tàn kálẹ̀, ìwé ń ya, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní òun ò ṣe ìdánwò kankan mọ́. Ẹ̀rù tèmi jù bẹ́ẹ̀ lọ: mo rò pé ohun tó pa ọ́ ló ń bọ̀ wá mú un. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó pè é ní hyperhidrose. Mo pariwo pé hyper ti hypertension, ẹ̀jẹ̀ ríru tó pa ọ́, náà nìyẹn! Ó ní hyper yẹn, àpọ̀jù ni. Tìrẹ, ipá ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ jù. Ti ọmọ, òógùn ló pọ̀ jù, ọ̀kan kì í ṣe èkejì. Òógùn kì í pani! Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Ó fún wa ní oògùn olómi tí a fi ń pa á lọ́wọ́ kó tó sùn, ó sì dín in kù.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ìdánwò, ẹ̀rù dé, omi dé! Mo ká aṣọ ìnuwọ́ rẹ fún un. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn tú u, ó yí i síwá sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan, ó dá a padà. Aurore tẹ́ ẹ sábẹ́ ọwọ́ bí o ti máa ń tẹ́ ẹ sórí sátínì, ó kọ̀wé títí dé òpin.

Ó yege! Ọmọ Aristide yege! Ọ̀gá Éric, olùkọ́ wọn, na ọwọ́ sí i níwájú gbogbo iléèwé. Ọmọ tó máa ń fọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn, ó na tirẹ̀, kò nù ún. Ìyá rẹ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dá onílé àti àlejò dúró: ẹ bọ ọmọ ọmọ mi lọ́wọ́, ẹ má nù ún o, oríire ni!

Èmi náà di ọwọ́ yẹn mú. Mo pa ojú dé, ó dà bíi pé Ita-Djèbou ni mo wà, tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ na tìrẹ sí mi.

Bàbá Aurore, a kò gbàgbé rẹ. Lójoojúmọ́ là ń fẹ́ ọ sí i. Àwọn ọkùnrin kan ti ń nawọ́ sí mi, mi ò purọ́. Mo bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, mo kí wọn dáadáa.

Ọwọ́ wọn gbẹ jù.

Prudence rẹ, pẹ̀lú Aurore àti Ìyá,
Pobè