Ihò Kẹrin, Lẹ́yìn Igi Fúrúùtù

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì, 2025

Wọ́n fẹ́ gé igi mi.

Olúsọjí, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ló pè mí lórí fóònù. Ó ní ihò kẹrin ní pápá gọ́ọ̀fù wa ti sú gbogbo èèyàn, bọ́ọ̀lù ń ṣòfò sínú gọ́tà lójoojúmọ́. Wọ́n ti pinnu pé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn máa gé igi fúrúùtù yẹn kí ọ̀nà lè tọ́.

Èmi Morọ́lá ni mo ya pápá gọ́ọ̀fù yẹn o. Ihò mẹ́fà péré, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ aṣọ tó ti kógbá sílé ní Ìsọlọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́ tèmi nìkan. Ihò márùn-ún tó kù, ẹnikẹ́ni lè yà wọ́n. Ìkẹrin ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Tí igi yẹn bá lọ, ọ̀nà gbọọrọ lásán ló kù. Mi ò ní gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Inú ṣì ń bí mi. Mo bá aláṣọ kan fa ọ̀rọ̀ ní ọjà Aswani lórí aṣọ ìkélé tí mi ò tiẹ̀ fẹ́ rà.

Ọjọ́rú, 5

Ara ti balẹ̀ díẹ̀. Jẹ́ kí n rò ó bó ṣe yẹ.

Pé ihò le kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ihò burúkú ni èyí tí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù dáadáa tó sì tún fìyà jẹ ẹ́. Tàbí èyí tó fi ewu pamọ́, tó jẹ́ ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti lọ tán lo máa tó rí i. Tàbí èyí tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí ẹni tí apá rẹ̀ ò le kò ní nǹkan mìíràn ṣe ju kó máa sọ bọ́ọ̀lù nù. Ihò tó dáa, ìbéèrè ló máa ń bi ọ́: kí lo lè ṣe lónìí? Kì í sì í ṣe ìdáhùn kan péré ló ń gbà.

Tèmi ńkọ́? O dúró síbi tí a ti ń gbá a. Igi fúrúùtù wà níwájú rẹ gan-an, gọ́tà wà lẹ́yìn igi, ihò wà lódìkejì gọ́tà. Bí apá rẹ bá le, gbá a gba orí igi, o ti dé nìyẹn. Bí kò bá le, gbá a sí òsì, sórí koríko tí mo ní kí wọ́n máa gé mọ́lẹ̀, níbi tí gọ́tà ti tín-ín-rín. Wàá rí ihò kedere látibẹ̀. Ìgbá kan péré lo fi ṣòfò. Kò sí ohun tó pamọ́ — kí ló wá dé tí gbogbo wọn ń ráhùn?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo lọ jókòó ti ihò kẹrin láti àárọ̀, mo kàn ń wò.

Alhaji Mùktárù ló kọ́kọ́ dé, alága wa, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. (Ọ̀gá Gbogbo-Wa ni mo máa ń pè é nínú ọkàn mi, kì í ṣe lójú rẹ̀.) Òun àti Olúsọjí àti Rodiat, ìyàwó àkọ́bí ọmọ Alhaji. Rodiat mọ bọ́ọ̀lù yìí gbá ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ.

Alhaji kọ́kọ́ gbá tiẹ̀. Orí igi. Ẹ̀ka gbà á, ó di inú gọ́tà. Olúsọjí — orí igi, gọ́tà. Rodiat wo òsì. Mo rí i tó wò ó, ojú mi ò tàn mí. Ó wá yíjú sí igi, ó gbá tiẹ̀ tẹ̀ lé tiwọn. Gọ́tà.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn náà, bákan náà. Àgbà wọn á kọ́kọ́ gbá a sórí igi, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e. Títí ọ̀sán. Ẹnì kan ṣoṣo ò gbá a sí òsì! Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo gbàgbé oúnjẹ tí mo gbé wá.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo pe Rodiat lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í bóyá kò rí ọ̀nà òsì ni. Ó ní òun ti rí i láti ọjọ́ tí wọ́n ṣí pápá. Mo ní kí ló dé tí kò gbà á. Ó rẹ́rìn-ín.

“Àǹtí Morọ́lá, Dádì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tiwọn sínú gọ́tà tán, kí èmi ìyàwó ilé wá gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá wẹ́rẹ́? Ṣé kí n fi hàn wọ́n pé wọn ò mọ̀ ọ́n gbá ni?”

Ọ̀rọ̀ náà rèé! Níbòmíràn, ẹni tó bá gbá ihò tó kọjá dáadáa jù ló máa ń ṣíwájú. Ní ẹgbẹ́ tiwa, àgbà ló ń ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi náà sì pàtẹ́wọ́ sí i. Ní ihò tó tọ́ gbọọrọ, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ìkẹrin, ibi tí àgbà bá gbà ni gbogbo ilé ń gbà. Ẹnikẹ́ni ò tíì dá ihò mi lóhùn rí. Wọ́n kàn ń ṣe àmín tẹ̀ lé Alhaji ni.

Ihò mi ò ní àrùn kankan. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi láti tún mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Olúsọjí pè. Agégi ti ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó kéré jù ṣíwájú, kí Alhaji gbá tiwọn kẹ́yìn. Ó ní kí n lọ sọ ọ́ fún Alhaji fúnra mi, òun ò lẹ́nu ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo lọ bá Alhaji nílé wọn ní Ailegun. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀.

Wọ́n ń bó ọsàn. Wọ́n bó o tán kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n bi mí pé bí ihò náà bá ṣì burú lẹ́yìn èyí ńkọ́? Mo ní èmi fúnra mi ni mo máa di okùn mú nígbà tí wọ́n bá ń wó igi náà.

“Injiníà, ẹnu rẹ mú,” ni wọ́n wí. “Ó dáa. Kí kékeré ṣíwájú.”

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo mọ̀ pé mo tọ̀nà. Mi ò kàn lè jẹun ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Agégi ti dé kí n tó dé. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ sábẹ́ igi mi, ó ń jẹ fúrúùtù.

Rodiat ló ṣíwájú. Ó yíjú sí Alhaji, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó wá gbá a sí òsì. Jẹ́ẹ́jẹ́. Ó gbá èyí tó tẹ̀ lé e kọjá gọ́tà, ó sì parí rẹ̀ ní ìgbá mẹ́rin. Olúsọjí náà, òsì. Gbogbo wọn, òsì. Bọ́ọ̀lù kankan ò bọ́ sí gọ́tà. Àwọn tó ní kí wọ́n gé igi wá ń bá ara wọn jiyàn lórí ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí lápá òsì. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè kó ọwọ́ mi sí.

Ó wá kan Alhaji. Wọ́n wo òsì, wọ́n pẹ́ tí wọ́n ti ń wò ó. Mo gbàdúrà sínú pé kí wọ́n gbà á, kí ẹjọ́ mi lè parí. Wọ́n mú ọ̀pá gígùn. Orí igi. Ewé já bọ́, a sì gbọ́ ọ nígbà tó kó sínú gọ́tà.

Mo ní ó tán.

Alhaji rìn lọ bá agégi, wọ́n ní kó máa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n wá kọjú sí mi.

“Láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ẹ̀yin ń wò mí ni mo ṣe ń gbá a sórí igi. Tòní, èmi ni mo yàn án.”

Wọ́n gba bọ́ọ̀lù mìíràn lọ́wọ́ Rodiat, wọ́n tún gbá a gba orí igi.