Bíréèkì Tírélà Dàpọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àgùdà

Kúnlé, àkọ́bí mi tó ni àwọn tírélà, ti pàṣẹ pé kí dẹ́rẹ́bà kankan má gbéra láìsọ àléébù ọkọ̀ rẹ̀. Inú mi dùn nígbà náà.

Láàárọ̀ yìí, Dàpọ̀ àbúrò rẹ̀, tó ń wa ọ̀kan nínú tírélà rẹ̀, sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, bíréèkì mi ò mú." Kúnlé dúpẹ́, ó sì gbé ẹrù Dàpọ̀ fún dẹ́rẹ́bà míì, owó ọjọ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ Dàpọ̀. Àwọn dẹ́rẹ́bà bú sẹ́rìn-ín: "Olóòótọ́, lọ sùn!"

Nírọ̀lẹ́ Dàpọ̀ ní, "Màámi, wọn ò tíì tún un ṣe. Àmọ́ lọ́la, màá ní kò sí wàhálà."

Mo sáré pe Kúnlé nípa bíréèkì náà. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé látìgbà tí Dàpọ̀ ti sọ̀rọ̀, kò tún sí dẹ́rẹ́bà tó ráhùn.

Ohun tó ń já mi láyà gan-an nìyẹn.