Pọ́ǹpù Táyé àti Pọ́ǹpù Kẹ́hìndé

Ilé Aláṣọ,
Ìgbòho.

Ṣàràfá ọmọ mi, Kẹ́hìndé mi tí ó rán Táyé wá tọ́ ayé wò,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara le? Ṣé omi kò tíì wọ yàrá yín ní Kétu, nítorí mo gbọ́ pé òjò ń rọ̀ ní Èkó bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́? Ọlọ́run tí ó bá mi wo ẹ̀yin méjèèjì dàgbà kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láàárín títì. Mọ́tò rẹ kò ní dojú dé, táǹkì rẹ kò ní jò, ẹni tó bá pè ọ́ síṣẹ́ kò ní sọ fún ọ pé kí o padà wá lọ́la. Gbogbo wa nílé ń kí ọ. Sẹ̀kínát ìkejì rẹ ń kí ọ, ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun ti sanra, nítorí náà n kò sọ ọ́. Ewúrẹ́ tí o rà fún mi ti bí, méjì ló bí, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ méjì-méjì yìí kò fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wa.

Kí n tó gbàgbé, n kò bínú sí ọ mọ́. Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ fi fídíò ránṣẹ́ sí fóònù Nojeem, ọmọ ilé kejì wa tó ń tún rédíò ṣe, mo kí ọ, mo kí ọ títí, o kò dá mi lóhùn, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ ni. Mo ní ṣé ohun tí Èkó ń kọ́ ọmọ nìyẹn. Ìgbà tí Nojeem ṣàlàyé pé ohun tí o ti sọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kó pamọ́ sínú fóònù ni ọkàn mi tó balẹ̀. Nígbà mìíràn, jọ̀wọ́, bí o bá ti kí mi tán, dákẹ́ díẹ̀, kí n ráyè dáhùn. Nígbà tí o sì tan omi tó ń tú yàà, èmi ni mo fi ìborùn mi bo fóònù náà kó má baà tutù, ó sì yẹ kí Nojeem dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ju bó ṣe dúpẹ́ lọ.

Mo rí mọ́tò akẹ́rù náà. Mo rí táǹkì dúdú tí o gbé sẹ́yìn rẹ̀, tí o fi irin dè é mọ́ ọn bí ẹni pọn ọmọ. Mo rí pọ́ǹpù méjèèjì tí wọ́n jókòó sí ìdí táǹkì, tí o ní ìwọ àti Godwin ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ́ púlọ́mbà á fi máa fọ ìsọ̀ aláta ní Mile 12 lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ lápá kan, òun lápá kejì, kí ilẹ̀ ti mọ́ kí ọkọ̀ ata mìíràn tó dé láti òkè Ọya. Inú mi ń dùn bọ̀ ni o bá sọ pé bí o bá tan ọ̀kan, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá tan èkejì mọ́ ọn, èkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á máa pọ atẹ́gùn, omi rẹ̀ á tínrín bí ìtọ̀ ewúrẹ́. O ní àwọn olórí aláta ti ní kí o wá fọ ìsọ̀ kan kí àwọn fojú rí i lọ́jọ́ Sátidé, pé bí omi méjèèjì bá jáde dáadáa, iṣẹ́ di tìrẹ, bí kò bá jáde, ẹlòmíràn ti wà nílẹ̀ tó fẹ́ gbà á. Àyà mi já. Mo mọ̀ pé ọ̀kadà tí o fi ń jẹun ni o tà ra mọ́tò yìí.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó, mo rí i pé mo mọ àìsàn yìí. Ìbejì ni wọ́n. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé, wọ́n jọra, lára ìyá kan náà ni wọ́n ti ń mu, ọ̀kan ń yó, èkejì ń bínú. Kí ló tún kù tí a fẹ́ wí? Mo ní kí Nojeem bi ọ́ pé èwo ni o kọ́kọ́ tú jáde nínú páálí, o sì dáhùn pé tọwọ́ ọ̀tún ni, o kò tilẹ̀ bèèrè ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe. Ó tán. Tọwọ́ ọ̀tún ni Táyé. Èyí tó ń wúkọ́ ni Kẹ́hìndé, òun sì ni ẹ̀gbọ́n, ìwọ wá ń tan àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n láràárọ̀. Ta ni kò ní wúkọ́? Sẹ̀kínát rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì, ó ní ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ènìyàn. Mo bi í pé ṣé kì í mu omi ni.

Mo bá ra ẹ̀wà, mo fi epo sè é kó pọ́n dáadáa, mo gé ìrèké sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi ṣe sàráà. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló wá jẹ ẹ́, mo ní kí wọ́n ṣàdúrà fún Táyé àti Kẹ́hìndé tó wà ní Èkó. Àṣé wọ́n rò pé ọmọ-ọmọ mi ni! Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ìyá wọn ti ń wọlé wá kí mi kú ewu ọmọ, ìyá Bámi tilẹ̀ gbé ọṣẹ ọmọdé lọ́wọ́. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé irin ni. Mo gba ọṣẹ náà. Alfa bèèrè orúkọ bàbá wọn kí wọ́n tó ṣàdúrà, mo ní ìwọ ni. Wọ́n bèèrè orúkọ ìyá wọn, mo ní Táǹkì. Alfa wò mí, wọ́n ní ṣé ọmọ ilẹ̀ yìí ni ìyàwó náà.

Mo wá mú ankárá tó ṣẹ́kù lára aṣọ Iléyá mi, mo gbé e lọ fún télọ̀ pé kó rán ẹ̀wù méjì, kí ọ̀kan má gùn ju èkejì. Ó bèèrè bí apá ṣe máa gùn tó. Mo ní wọn kò ní apá. Ó bèèrè ọrùn, mo ní kó má wulẹ̀ yọ ọ̀nà ọrùn. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní Ọlọ́run á ṣe é, kò sì gba owó. Ọláìyá tó ń wa ọkọ̀ ata lọ sí Mile 12 ni mo kó ẹ̀wù àti ọṣẹ náà fún. Ọṣẹ yẹn, fi fọ mọ́tò.

Sátidé dé. Gbogbo wa rọ́ kún ṣọ́ọ̀bù Nojeem, à ń retí fóònù bí ẹni ń retí kí igi ìrókò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó dún. Ṣàràfá, omi méjèèjì jáde! Tìrẹ ń tú, ti Godwin ń tú, tòmátò tó ti rà àti ewé àlùbọ́sà ń sá lọ níwájú yín, àwọn obìnrin aláta ká ìró sókè, wọ́n ń hó. Mo tún wò ó dáadáa, mo rí pọ́ǹpù méjèèjì nínú ankárá mi. Mo pariwo. Mo jó. Ìyá Bámi wo fídíò náà, ó wo ẹ̀wù, ó wò mí, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọṣẹ rẹ̀.

O ní iṣẹ́ ti di tìrẹ, mo ní àlùbáríkà. O ní Godwin ló rí ọgbọ́n rẹ̀, pé páìpù kan ṣoṣo ni ẹ kọ́kọ́ fà jáde nínú táǹkì tí ẹ wá là á sí méjì, ọ̀kan wá ń fa omi mọ́ èkejì lẹ́nu, ni ó bá lu ihò mìíràn sí ìdí táǹkì, ó fún oníkálukú ní páìpù tirẹ̀. Bá mi kí Godwin. Ọmọ dáadáa ni, ó ran ẹ̀wà náà lọ́wọ́. O ní ẹ̀wù náà ń mú kí wọ́n gbóná, pé o ti bọ́ ọ kúrò lẹ́yìn fídíò. Kò burú, kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ nígbà Iléyá.

Ṣùgbọ́n páìpù oníkálukú tí o sọ yẹn mú mi sunkún díẹ̀. Nígbà tí mo bí yín, oówo yọ sí mi lọ́mú kan, ọmú kan tó kù ni ẹ̀yin méjèèjì ń mu. Sẹ̀kínát lágbára, á fà á gbẹ, ìwọ á wá máa fa atẹ́gùn, ikùn rẹ á le gbandi, ẹsẹ̀ rẹ kò ju ìka mi lọ. Àwọn ènìyàn ti ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí wọ́n ti fẹ́ bá kẹ́dùn sọ̀rọ̀. Ìgbà tí oówo náà san, tí oníkálukú ní tirẹ̀, ni o tó gbé ojú sókè wò mí. Ìwọ tí o ń fa atẹ́gùn nígbà náà ni o wá ń gbé omi kiri Kétu àti Ìkòsí. Inú mi dùn, ọmọ mi, inú mi dùn ju ohun tí bírò lè kọ lọ.

Ó wá ku ẹnì kan tí a kò kí. Gbogbo wa ń ṣìkẹ́ pọ́ǹpù, a ń rán ẹ̀wù fún pọ́ǹpù, kò sẹ́ni tó rántí Táǹkì tó jẹ́ ìyá wọn. Ẹnu méjì ló ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, yóò máa tètè gbẹ, má jẹ́ kó gbẹ tán kí o tó rọ omi sí i. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé táǹkì kan wà ní Ìgbòho níbí náà tí ẹnu méjì ti fà rí. Epo rẹ̀ ti tán, ẹ̀wà rẹ̀ ti wọ ikùn àdúgbò, òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá ká, fi ránṣẹ́ sí Nojeem, ṣùgbọ́n sọ fún un kó má jẹ́ kí owó náà pẹ́ nínú fóònù, ojú fóònù rẹ̀ ti là, mo ń bẹ̀rù kí díẹ̀ má jò dànù nínú rẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fa atẹ́gùn mọ́ láyé rẹ. Ibi tí o bá gbé ẹnu sí, yóò máa sun fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màríyámọ̀,
táǹkì àkọ́kọ́.