Igi Tí Ó Hù Fúnra Rẹ̀: Ìgbésí Ayé Alàgbà Dáníẹ́lì Babárìndé (1947–2019)

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ti bí Alàgbà Dáníẹ́lì Babárìndé ní ọdún 1947, sínú ìdílé àgbẹ̀ ọlọ́sàn. Kí wọ́n tó mọ ìwé kà ni bàbá wọn ti kọ́ wọn bí a ti ń lọ́ ọsàn: a ó gé ojú ẹ̀ka ọsàn dídùn, a ó fi í sínú èèpo òronbó kíkan, a ó sì dì í títí ara méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí lọ.

Ní 1974, wọ́n gba ilẹ̀ kan lẹ́bàá títì ní Ìgándò, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà irúgbìn. Láti Ìkòtún dé Gowon Estate, ọ̀pọ̀ igi ọsàn tí ó wà lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ wọn ni ó ti jáde. Gbogbo èyí tí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn lọ́ ni wọ́n ń so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́. Èyí tí ó bá hù láti inú hóró tí ẹnì kan tu sílẹ̀, wọ́n á fà á tu. Wọ́n ní igi tí a kò mọ ẹni tí ó lọ́ ọ kò ní bàbá.

Ní 1975, Sìdíkátù, aránṣọ kan ní Ìdímù, bí ọmọkùnrin kan fún wọn, Abdulsobur. Wọn kò gbé ìyá sílé, wọn kò sì yọjú síbi ìsọmọlórúkọ.

Ní 1979, wọ́n gbé Ìbíyẹmí níyàwó nínú ìjọ Aládùúrà, níbi tí wọ́n ti di alàgbà. Àwọn ni wọ́n ṣe kòkáárí kànga tí gbogbo àdúgbò ń pọn títí di òní.

Ní 1996, Abdulsobur wá sí ọgbà, ó dọ̀bálẹ̀ níṣojú àwọn oníbàárà. Bàbá kò gbé ọ̀bẹ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, “Èyí hù fúnra rẹ̀ ni. Kì í ṣe tèmi.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbọn iyẹ̀pẹ̀ àyà rẹ̀ nù, ó sì lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, Abigail, àbíkẹ́yìn wọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko ní yunifásítì, ka ìròyìn kan sí wọn létí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ka àbùdá oríṣiríṣi ọsàn bí ẹni ń ka ìran ìdílé, wọ́n sì tọ orísun wọn dé ẹsẹ̀ òkè Himaláyà ní ilẹ̀ Éṣíà. Ọsàn dídùn tí Bàbá fi ń yangàn kì í ṣe ìran kan ṣoṣo. Àdàlù tanjarín àti ọsàn ràgàjì kan tí ó tóbi ju gíréèpù lọ ni. Bàbá béèrè ẹni tí ó lọ́ ọ.

“Kò sẹ́ni tó lọ́ ọ, Dádì. Ó hù fúnra rẹ̀ ni.”

Wọ́n ní kí ó tún un kà. Lẹ́yìn náà wọ́n pa ọ̀bẹ dé, wọn kò sì fọwọ́ kan igi mọ́ lọ́jọ́ náà.

Láìpẹ́, wọ́n gbé igi ọsàn kan tí aṣọ pupa wà lára rẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdímù. Abdulsobur ti di wẹ́dà tí ń jó irin pọ̀, ó ti bímọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga fún wọn, ó fún wọn ní omi tútù. Ṣùgbọ́n kò gba igi náà.

Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Gbangba lẹ ti sọ tàkọ́kọ́. Ẹ sọ èyí náà ní gbangba, màá gbà á.”

Bàbá ní àwọn yóò sọ ọ́ lójú ìjọ lọ́jọ́ Ìkórè, ní oṣù kọkànlá. Ní oṣù kẹwàá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, ó sì gba ohùn lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ Ìkórè, a gbé wọn dé iwájú pẹpẹ. Wọ́n ń tọ́ka sí ẹnu wọn, omijé ń dà lójú wọn, ìjọ sì rò pé ọpẹ́ ni wọ́n ń dú. Wọ́n dákẹ́ ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, 2019.

Àwọn tí wọ́n gbẹ̀yìn wọn ni opó wọn, Ìbíyẹmí. Àwọn ọmọ: Abdulsobur Babárìndé, àkọ́bí wọn, Ọláwùmí, Báyọ̀dé àti Abigail. Àti àwọn ọmọ-ọmọ, tí Qonitah, ọmọ Abdulsobur, jẹ́ àgbà fún.

A ránṣẹ́ sí àkọ́bí. A kò mọ̀ bóyá ó wà láàárín ẹ̀yin tí ẹ pé jọ lónìí. Igi rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. A kò ní tà á.

Bàbá, a ti bá yín sọ ọ́ ní gbangba. Kí ilẹ̀ Ìgándò tẹ́ yín lára. Ẹ sùn re.